Síkẹ́ẹ̀tì Àkọ́kọ́ tí Salme Hun

Salme ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta kó tó jókòó sídìí òfì rí. Ní erékùṣù Kihnu tiwa, ìtìjú ni. Ìyá rẹ̀ ló ń hun síkẹ́ẹ̀tì fún un lọ́dọọdún, kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan òwú, ó ní ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ìyá kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó hun tẹ́lẹ̀ ti gbó, síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí Salme fi ń ṣọ̀fọ̀ nìkan ló kù, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù kẹfà. Ìyá ìyàwó kì í wọ dúdú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ wa, àwọ̀ síkẹ́ẹ̀tì obìnrin ló ń sọ bí ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣe tó.

Ó wá bá mi nílé ẹ̀kọ́, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní aṣọ híhun ní Sátidé. Ó hun, mo ní kó tú u. Ó tún hun, mo ní kó tú u. Etí aṣọ rẹ̀ ń wọ́ bí ipa ejò.

"Tísà, ìka mi ti bó."

"Ìka á jinná. Aṣọ tó wọ́ kì í jinná."

Nígbà tí etí gún díẹ̀, ló bá hun àwọ̀ tó rí nínú fóònù: pupa yòò káàkiri, bíi ti ọmọge.

"Salme! Láti inú dúdú bọ́ sínú pupa lójijì? Ṣé ìyá rẹ kú ni àbí ó lọ sọ́jà? Díẹ̀díẹ̀ la fi ń jáde nínú ọ̀fọ̀. Tú u!"

"Àwọ̀ wo wá ni? Ẹ sọ ọ́!"

"Ṣé ìyá mi ló kú ni?" mo ní. "Ìwọ lo mọ àwọ̀ ọ̀fọ̀ rẹ."

Ó fìbínú jáde. Ní Sátidé kejì, ó gbé òwú tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ sínú aró dé: pupa tó ti ṣá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú.

"Ara ògiri ilé tí ìyá mi máa ń kó àwọ̀n ẹja sí ni mo ti rí àwọ̀ yìí," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ ní Kihnu. Mo ní kò fọ òwú náà mọ́ tó.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo rí i pé ìlà pupa kan fi fọ́nrán méjì fẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ.

"Tú u. Àyè ṣì wà."

"Tísà, tí ẹ bá tún fọwọ́ kan aṣọ yìí, ẹ̀yin lẹ máa wọ dúdú!" Ó gé e kúrò lórí òfì, ó gbé e lọ rán.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àlùfáà. Ojú mi kò kúrò lára ìlà yẹn. Nígbà tí a jáde, Ìyá Leene, àgbà nínú àwọn ahunṣọ wa, di síkẹ́ẹ̀tì náà mú, ó wò ó títí.

"Ìyá rẹ ṣì ń dùn ọ́," ó ní, "àmọ́ ó ti ń rọlẹ̀."

Omi bọ́ lójú Salme. Mo la ẹnu.

"Tísà," Ìyá Leene ní, "pa á dé."

Mo pa á dé. Ṣùgbọ́n ìlà náà fẹ̀ jù.