Ìrù tí Mo Rí Lórí Àpáta

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìdó-Ilé, bí ẹnikẹ́ni bá rí aláǹgbá tí kò mọ irú èyí tí ó jẹ́, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kan mọ bọ́ọ̀lù gbá, àwọn kan mọ orin kọ nínú ìjọ, aláǹgbá ni tèmi. Mo mọ akọ olórí pupa tí ń mi orí bí ẹni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbà. Mo mọ abo rẹ̀ tí ara rẹ̀ rí bí erùpẹ̀, mo mọ ọmọ́lé ara ògiri, mo mọ ọ̀gà tí kì í kánjú, mo sì mọ ipasẹ̀ awọ́nríwọ́n létí odò. Ẹyọ kan ṣoṣo ni n kò tíì fọwọ́ kàn rí, èyí tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ń wọ inú pàlàpálá òkúta lọ, ejò ni ẹ óò pè é.

Bàbá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò. Á ní, “Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, àfi ọmọ mi yìí ló mọ̀ ọ́n.” Orí mi á wú. Mo ti wá gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí ń fàyà fà tàbí tí ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkúta tí mo lè ṣì mọ̀.

Lẹ́yìn ilé wa ni àpáta ńlá kan wà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń sá láfún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn á rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, wọn á wá fọ́n ọn ká orí àpáta kí oòrùn gbẹ ẹ́. Àwa ọmọdé ni a máa ń ṣọ́ ọ nítorí ewúrẹ́ àti adìyẹ. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀: ẹni tí ó ń ṣọ́ láfún kò gbọdọ̀ kúrò lórí àpáta. Ẹni tí ewúrẹ́ bá jẹ láfún ìyá rẹ̀ ní ìṣọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ ìtàn rẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin ni a jọ ń ṣọ́ tiwa. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fi ń kọ́ ọ ní òǹkà níbẹ̀, ó sì ti lè ka oókan dé ogún láìṣì. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi máa ń tò wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí akọ olórí pupa kan tí ó tóbi ju gbogbo èyí tí mo ti ń rí lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn àpáta. Mo mú ọ̀pá tí mo fi okùn ta kókó sí lórí, èyí tí mo fi ń mú aláǹgbá lọ́rùn. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó jókòó, mò ń bọ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ igbe rẹ̀.

Mo sáré padà. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lórí ìka. Mo wo ilẹ̀, mo sì rí ìrù dídán kan tí ó ń wọ inú pàlàpálá lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìrù nìkan ni mo rí.

Ìyá mi ti dé, bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa tí ó ń wo ẹni tí ejò bá bù jẹ sì dé tẹ̀lé e. Èmi ni ó kọjú sí, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀ mí.

“Kí ló bù ú jẹ? Bó bá jẹ́ aláǹgbá, ọṣẹ àti omi ti tó. Bó bá jẹ́ ejò, a óò dè é. Ùwọ rí i?”

Bí mo bá ní n kò rí i, wọ́n á bi mí níbi tí mo wà. Ọ̀pá aláǹgbá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn.

“Ejò ni,” mo wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bi mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ń jà lápá ìyá mi, ó ń pariwo pé, “Éè ṣe ejò! Ó lẹ́sẹ̀! Bọ̀dá mi, ó lẹ́sẹ̀!”

“Ẹ̀rù ló ń bà á,” mo sọ fún wọn. “Kò mọ ohun tó ń sọ.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá mi tú ọ̀já tí ó fi pọn àwa méjèèjì dàgbà, ó ya á, bàbá náà sì fi í dè é lókè ọrùn ọwọ́, ó fún un pinpin. Ó ní òun ń lọ wá egbò igi lóko, pé ẹni tó bá tú u kí òun tó dé, oró á gun ọmọ náà dé ọkàn. Kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú kó má baà tú u fúnra rẹ̀. Mo dì í mú. “Bọ̀dá mi, ẹ tú u fún mi. Ọwọ́ ń dùn mí. Ẹ tú u.” Mo ń sunkún, mo ń gbàdúrà, n kò sì tú u. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á, ó wà lẹ́nu mi, n kò sọ ọ́.

Nígbà tí ó di àárọ̀, ọwọ́ náà ti dúdú, ó tutù. Gbogbo ilé figbe ta pé, “Ẹ ò rí i pé oró ejò ni!” Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún béèrè. Bàbá mi gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì gé ọwọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyá mi dúró níwájú ìjọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé ká ní n kò tètè dá ejò náà mọ̀ ni, òun ì bá ti sọ ọmọ òun nù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ṣẹ́ ọ̀pá aláǹgbá mi sínú iná ní ọjọ́ náà.

Lónìí, etí títì ọlọ́dà ni wọ́n ń sá láfún sí. Wọ́n ti fọ́ ìdajì àpáta wa fi kọ́lé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin wá kí mi, ó ń fi fóònù rẹ̀ ya gbogbo ohun tí ń rìn, fóònù náà á sì máa dárúkọ wọn. A jọ gun ohun tó ṣẹ́ kù lára àpáta náà. Ohun kan yọ jáde láti inú pàlàpálá, ó yá oòrùn díẹ̀, ó sì wọlé padà. Mo rí ìrù rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń rí i lójú oorun.

Ọmọ náà ti yà á, ó ka ohun tí fóònù wí fún mi: aláǹgbá ni, kò lóró rárá, ó lè gé èèyàn jẹ bí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí òkúta. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Ara, níbi tí àbúrò mi ń gbé nílé ọkọ. Mo bá a tí ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀bẹ mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀pá tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn. Kò sunkún. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé ó lẹ́sẹ̀. Ká ní ẹnìkan bi mí pé mélòó ni, ǹ bá kà á fún un. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní òǹkà. Mẹ́rin ni.”

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì rí ẹnu bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ̀rọ ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ yìn mí. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi fẹ́ padà sí Adó, mo ní kó fi àwòrán kan dán fóònù náà wò fún mi, èyí tí ó yà nígbà tí ẹranko náà ń wọlé, tí ó fi jẹ́ pé ìrù nìkan ló hàn. Ó fi í hàn án. Fóònù náà ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí a tún un yà.