Màmá Ní Òun Ò Ní Dìde

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà dé sí ọ̀dọ̀ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àárọ̀ Sátidé kan tí òtútù mú gan-an, pẹ̀lú àpótí kékeré kan lọ́wọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bá ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn àgbẹ̀ tó ń béèrè ìrànwọ́ wò. Lọ́dún yẹn, àwọn aṣòfin wọn ò fẹnu kò lórí owó tí ìjọba máa ná. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i àfi tí wọ́n bá fi ìrànwọ́ àwọn tó ń ra ìnṣọ́ránsì ìlera kún un, torí ìrànwọ́ ọ̀hún ti fẹ́ parí. Ẹgbẹ́ kejì ní kí wọ́n fọwọ́ sí i ná, ọ̀rọ̀ ìlera lè dúró. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Bí ìjọba ṣe ti ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì pa nìyẹn, tí wọ́n ní kí àbúrò mi lọ jókòó sílé láìgba owó oṣù títí ìjà wọn á fi parí.

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti wá wo màmá wa ní ìparí ọdún. Ó ní kàkà kí òun jókòó máa wo ògiri, òun á kúkú tètè wá. Ó ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ òfúrufú bá òun yí ọjọ́ rẹ̀ padà, ló bá dé.

Bá a ṣe ń jẹun àárọ̀, mo bi í bóyá inú ń bí i sí ẹgbẹ́ tó kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Àǹtí, ọmọ mi ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà lójoojúmọ́. Iṣẹ́ irun ló ń dá ṣe, kò ní ọ̀gá tó máa bá a san ìnṣọ́ránsì. Tí ìrànwọ́ yẹn bá lọ, apá ẹ̀ ò ní ká a mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni wọ́n tì pa, ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni wọ́n torí ẹ̀ tì í. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Kí wọ́n tètè ṣí i kí n lè gba owó oṣù, kí ọmọ mi wá máa ṣọ́ oògùn lò? Àwọn kan ní ọ́fíìsì wa ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí i. Mi ò bá wọn fọwọ́ sí i. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Màmá ti ń gbọ́ wa láti ìdí tábìlì. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń jà yẹn, ṣé wọ́n ń gba owó oṣù tiwọn?"

"Wọ́n ń gbà á, Màmá."

Màmá kàn mi orí, wọ́n ń bá oúnjẹ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi náà ò tíì sọ. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, egbò kan sì wà ní ẹsẹ̀ òsì wọn tí kò fẹ́ jinná. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan máa ń bá wọn wẹ̀ ẹ́, tó sì máa ń di báńdéèjì tuntun, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹsẹ̀ ni Màmá fi ń lọ, pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọn kì í fẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ káàárọ̀ mà," ó sì máa ń kúnlẹ̀ tó bá fẹ́ tú báńdéèjì. Màmá ní orúnkún rẹ̀ nìkan ti tó fún àdúrà.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ tí àbúrò mi dé, lẹ́tà kan wọlé. Wọ́n ní wọ́n máa ti ilé ìwòsàn náà pa ní ìparí oṣù. Ẹni tó bá ní egbò, ibòmíì ni kó máa lọ, ibi tó jẹ́ bọ́ọ̀sì méjì sí ọ̀dọ̀ wa. Mo tẹ lẹ́tà náà bọ inú báàgì iṣẹ́ mi. Ó ti rẹ̀ mí ni. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù, shift oníwákàtí méjìlá ni mò ń ṣe. Mo sì ti rí i pé ẹni tó bá ń pariwo níbi iṣẹ́ wa, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Mo rò pé tí mi ò bá sọ ọ́, á dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo tó kà á fún wọn.

Màmá ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọjọ́ mélòó ló ti wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ọjọ́ márùn-ún, mà."

"Kò dáa bẹ́ẹ̀."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kánsẹ́lọ̀ méjì kan ilẹ̀kùn wa, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkùnrin ni àkọ́kọ́, láti inú ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè. Ó ní ìjọba àná ló ba iṣẹ́ ìlera jẹ́, àtúnṣe ni àwọn ń ṣe, pé tí àtúnṣe bá parí, gbogbo wa la máa gbádùn rẹ̀. Obìnrin ni ẹnì kejì, láti inú ẹgbẹ́ alátakò. Ó ní ká wo ohun tí àwọn wọ̀nyẹn ń ṣe fún wa, pé ká rántí nígbà ìdìbò. Àwọn méjèèjì fún mi ní ìwé aláwọ̀ mèremère. Àbúrò mi dúró lẹ́yìn mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí obìnrin náà fi lọ.

"Bí àwọn tiwa náà ṣe rí nìyẹn," ó ní. "Ohùn ẹnu nìkan ló yàtọ̀."

Wọ́n pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn náà sí gbọ̀ngàn iléèwé kan. Àwọn arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Kánsẹ́lọ̀ méjèèjì jókòó níwájú, àwọn aláṣẹ ìlera sì rán ọ̀gá obìnrin kan wá. Fún bíi wákàtí kan, ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Tí ọkùnrin náà bá dárúkọ ọdún kan, obìnrin náà á dárúkọ òmíràn. Màmá na ọ̀pá wọn sókè. Wọ́n ní kí n máa túmọ̀.

Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé mo ti gbọ́ ìjà wọn, mi ò sì béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí mò ń béèrè ni pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n bá ti tì í tán, ta ni yóò tú báńdéèjì ẹsẹ̀ mi? Kí wọ́n dárúkọ onítọ̀hún fún mi. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má fi àkókò mi ṣòfò."

Mo dìde. Ọ̀gá yẹn ń wò mí, mo sì mọ̀ pé abẹ́ àwọn aláṣẹ ìlera kan náà ni èmi àti òun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnu mi rọ̀. Mo ní lédè Òyìnbó pé ìyá mi dúpẹ́ pé gbogbo wọn ráyè wá, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan wà nílẹ̀.

Màmá fà mí láṣọ. "Gẹ̀ẹ́sì mi ò pọ̀, àmọ́ mo mọ 'thank you.' Mi ò dúpẹ́."

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Àbúrò mi ti fẹ́ dìde láti gbà á sọ, mo sì fọwọ́ dá a dúró. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, bí Màmá ṣe sọ ọ́, títí kan ọ̀rọ̀ àkókò tí wọ́n ń fi ṣòfò. Kánsẹ́lọ̀ ọkùnrin wo ọ̀gá náà, ọ̀gá náà wo ìwé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, Màmá dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, "Èyí tó o sọ lẹ́ẹ̀kejì yẹn lohùn ẹ."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí ilé ìwòsàn náà máa ṣí kẹ́yìn. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn wẹ egbò, ó di í, ó pẹ́ kó tó dìde nílẹ̀. Màmá súre fún un. Wọ́n wá rọra rìn padà sí ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró de dókítà, wọ́n sì jókòó.

"Màmá, ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Mò ń dúró de appointment mi ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Ibí ni mo ti máa ń ṣe é. Mi ò ní dìde."

Mo rò pé àwàdà ni. Àbúrò mi ti mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a, ó jókòó tì wọ́n. Bàbá àgbàlagbà ará Jamaica kan tí òun náà ní egbò lẹ́sẹ̀ bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní òun náà ò ní ibì kankan tí òun ń sáré lọ, ó sì jókòó. Àwọn ìyá méjì tó gbé ọmọ lọ́wọ́ darapọ̀ mọ́ wa. Nígbà tó fi máa di àsìkò ìrun àìlà, kò sí àga tó ṣófo mọ́. Màmá kírun lórí àga, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Bàbá Jamaica yẹn ṣí fìlà lórí títí wọ́n fi sálámà láti parí ìrun.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá tó wá sí ìpàdé. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó rí káàdì iṣẹ́ tó wà ní ọrùn mi, tí mo gbàgbé láti bọ́. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Ọ̀kan nínú wa ni ẹ́. O mọ bí nǹkan ṣe rí. Jọ̀wọ́, bá wa gbé ìyá ẹ dìde."

Mo wo Màmá. Wọn ò wò mí rárá. Mo rántí àwọn ẹsẹ̀ tí mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé ní wọ́ọ̀dù, ti àwọn arúgbó tí ọ̀nà jìn fún, tí wọ́n pa ìtọ́jú jẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí òórùn fi mú kí ará ilé gbé wọn wá. Àwọn míì nínú wọn, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gbé padà sílé.

Mo ní, "Mo mọ bí nǹkan ṣe rí. Ìdí tí mo fi ń jókòó nìyí." Kò sí àga mọ́, ilẹ̀ ni mo jókòó sí, níwájú Màmá. Mi ò dìde.

Kánsẹ́lọ̀ méjèèjì dé ní ọ̀sán, wọ́n fẹ́ bá wa ya fọ́tò. Màmá ní ẹni tí kò bá ní egbò kó bọ́ síta. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí.

Ó tó aago márùn-ún kí ọ̀gá náà tó padà wá pẹ̀lú ìwé tó fọwọ́ kọ. Wọ́n máa fún nọ́ọ̀sì ní yàrá kan ní gbọ̀ngàn àdúgbò, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tó tún un gbé yẹ̀ wò. Màmá ní kí àbúrò mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí ọ̀gá náà kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ìgbà tó ṣe é tán ni wọ́n tó mú ọ̀pá wọn.

A ò gba gbogbo ohun tá a fẹ́. Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa lóòótọ́, wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé. Dókítà ti lọ jìnnà, bọ́ọ̀sì méjì ni àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wọ̀ báyìí láti lọ gbé ọmọ wọn sórí ìwọ̀n. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì tún fi ìwé ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní àwọn làwọn gba yàrá nọ́ọ̀sì yẹn fún wa.

Láìpẹ́ sí i, fóònù àbúrò mi dún nínú kíṣìnì. Àwọn aṣòfin wọn ti parí ìjà, ọ́fíìsì ti fẹ́ ṣí. Ìrànwọ́ ìnṣọ́ránsì ò sí nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n kàn ṣèlérí pé àwọn á dìbò lé e lórí tó bá yá.

Ó jókòó. "Gbogbo bá a ṣe jókòó láìgbowó yẹn, lórí ìlérí ni."

Màmá ní, "Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí i?"

"Èmi kọ́, Màmá."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí nìyẹn."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìnṣọ́ránsì ọmọ rẹ̀ gbówó lórí, ọmọ náà sì ra irú èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sanwó oògùn. Mi ò ní parọ́ pé ó dáa. Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán pe ọ́fíìsì aṣòfin àdúgbò rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ti mọ ohùn òun, ó ti ń mí kanlẹ̀ kí òun tó sọ̀rọ̀.

Ní tèmi, wọ́n kọ lẹ́tà sí mi níbi iṣẹ́, wọ́n ní ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tá a jókòó sí ilé ìwòsàn yẹn kò yẹ òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n fi ìwé kan tì í tí mo máa fọwọ́ sí, pé mo kábàámọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni mo fi hàn Màmá, mi ò tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì. Mo dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. Mo kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé egbò ìyá mi ti ń jinná, pé tí wọ́n bá tún fẹ́ ti yàrá nọ́ọ̀sì yẹn, kí wọ́n tètè sọ fún mi, kí n lè gbé àga tèmi dání.