Ilé Tuntun fún Alántakùn Ṣèyíọlá

Ara Akínwùmí kò balẹ̀. Bó bá jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, yóò wo Ekenwan Road lọ, yóò wò ó bọ̀, bí ẹni pé ojú títì ni ọmọ rẹ̀ yóò ti yọ. Yúnífọ́ọ̀mù sójà ló ń rán, nítorí báráàkì kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti dá ṣáká nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìkìrun wá sí Benin. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó gbé àpò ṣòkòtò lé àyà ẹ̀wù, ó tú u, ó sì tún gbé e padà síbẹ̀ gan-an.

Ṣèyíọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú, ti wọkọ̀ lọ sí Òkè Ọya láti lọ ṣe agùnbánirọ̀. Ó pe baba rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Lọ́kọ́jà. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Obìnrin inú fóònù nìkan ló ń dá Akínwùmí lóhùn, ó sì ti ń bínú sí obìnrin náà bí ẹni pé òun ló gbé ọmọ pamọ́.

Kí Ṣèyíọlá tó lọ, ó fi alántakùn kan sílẹ̀ fún baba rẹ̀. Kì í ṣe irú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta okùn sí kọ̀rọ̀ ilé o. Onírun ni, ó dúdú bí èédú, bó bá na ẹsẹ̀ tán, ó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan ní Ugbor ni ṣọ́bìrì ti hú u jáde. Àwọn lébìrà fẹ́ pa á. Ṣèyíọlá, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, ló bẹ̀ wọ́n, tó fi ike áásìkiriìmù dé e mọ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Màdáàmù. Ó ra àpótí gíláàsì tí wọ́n ti sin ẹja nínú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà dé bá a lójijì.

"Daddy, ẹ bá mi ṣe ilé ẹ̀, please," ló wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Akínwùmí ṣe ilé náà bó ṣe rò pé ó yẹ. Ó da iyanrìn díẹ̀ sísàlẹ̀, ó to òkúta lé e, ó ri ẹ̀ka gúáfà gíga kan sáàárín, ó tún ká aṣọ kákí síbẹ̀ fún un láti sùn lé. Lójú tirẹ̀, ààfin ni. Àmọ́ Màdáàmù kò sinmi nínú rẹ̀ rárá. Yóò rìn yí gíláàsì ká, yóò tún yí i ká, yóò gun ẹ̀ka lọ sókè, yóò máa fi ẹsẹ̀ ha àwọ̀n tó bo orí àpótí. Akínwùmí ń ránṣọ, ó ń gbọ́ ọ. Ó ń tẹ fóònù, ó ń gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, alántakùn já bọ́ láti orí ẹ̀ka. Ó dún pàì lórí òkúta, ó ká ẹsẹ̀ jọ, kò mira.

"Yéè! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ yìí?"

Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ kan gbọ̀n. Akínwùmí mí kanlẹ̀. Ó wá ohùn tí Ṣèyíọlá gbà sílẹ̀ fún un lórí WhatsApp, èyí tí kò tíì gbọ́ parí.

"Daddy, ẹ má fi igi síbẹ̀ o. E no be monkey. Kì í gun igi, ó máa ń gbẹ́lẹ̀ ni. Tó bá já bọ́, ikùn ẹ̀ lè bẹ́. Ẹ fún un ní ilẹ̀ tó jìn, kó rí ibi wọ̀."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà Santana, ó tọrọ èèpo onírun ẹ̀yìn àgbọn lọ́wọ́ alágbọn kan. Nígbà tó dé, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Kò bu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń da oògùn aáyán sí. Abẹ́ igi píà ló ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa. Ó já irun àgbọn náà wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ó wọ́n omi sí i títí tó fi jẹ́ pé bó bá fún un lọ́wọ́, á dì, ṣùgbọ́n omi kò ní kán.

Ó wá ku kó gbé Màdáàmù jáde. Ó fi ike dé e, ó ń ti páálí bọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójijì, alántakùn na ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó ké ṣíí. Ọwọ́ Akínwùmí fò. Kó tó mọ̀, Màdáàmù ti bọ́ sórí tábìlì, ó ti wọ abẹ́ yúnífọ́ọ̀mù tó gé sílẹ̀.

Mama Osaro, tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Oga tailor, commot! Make I kill am!"

"Mama Osaro, abeg, no touch am. Na my pikin own."

Obìnrin náà wò ó, ó rọra sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀.

"She never call?"

Akínwùmí mi orí. Mama Osaro wá di etí aṣọ kan mú, ó ń pe Jésù lábẹ́ ẹnu, Akínwùmí di èkejì mú, wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Màdáàmù rèé, ó ká jọ sábẹ́ apá ẹ̀wù. Ike bọ́ lé e lórí. Mama Osaro sá jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ̀n.

Akínwùmí kó iyanrìn, òkúta àti ẹ̀ka dànù. Ó rọ ilẹ̀ sínú àpótí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dì, títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ẹnu. Ó fi téèpù ìwọnṣọ wọn àlàfo òkè: bí alántakùn bá tilẹ̀ ṣubú níbẹ̀, kò ní dùn ún. Ó fi igi ìgbálẹ̀ lu ihò tó dà gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó bu omi sínú ọmọrí ìgò kan, ó gbé e síbẹ̀, ó rọra tú Màdáàmù sínú àpótí, ó sì fi àwọ̀n dé e, ó fi kílíìpù há a.

Màdáàmù dúró lórí ilẹ̀ tuntun, kò rìn yí ká. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó fi kan ẹnu ihò. Ó wọlé. Láìpẹ́ ó yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹnu gbé erùpẹ̀ jáde, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún padà. Akínwùmí fa àga, ó jókòó tì í, kò dìde.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

"Daddy, èmi ni o. Wọ́n jí fóònù mi ní gáréèjì. Mo ti dé camp. I dey okay."

Gbogbo ìbínú tí Akínwùmí ti tò sẹ́nu fò lọ. Ohun tó jáde ni, "Ó ti wọlé."

"Who don enter?"

"Màdáàmù! Ó ń gbẹ́lẹ̀!"

Ṣèyíọlá kígbe, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé òun lọ sí abúlé kan tó jìnnà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ó dárúkọ abúlé náà. Kí Akínwùmí tó ní kó tún un pè, fóònù náà já.

Ó pè é padà, kò lọ. Ó ń pe orúkọ abúlé náà lábẹ́ ẹnu kó má baà gbàgbé. Ó ká yúnífọ́ọ̀mù kan tó ti parí, ti sójà tó máa ń sọ pé òun ti ṣiṣẹ́ yí gbogbo Òkè Ọya ká. Ọ̀la ló yẹ kí onítọ̀hún wá gbà á, ṣùgbọ́n Akínwùmí ti fi í sí abíyá. Ó ti bàtà bọ ẹsẹ̀, ó sì kọjú sí géètì báráàkì láti lọ bi sójà náà bó bá mọ abúlé yẹn.