Páǹpù Kẹ̀kẹ́ Bàbá Ajórin

Títí dòní, bí mo bá rí páǹpù kẹ̀kẹ́, ojú máa ń tì mí.

Bàbá ajórin kan wà ládùúgbò wa ní Ìbarà, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo rọ̀bì rí, wọ́n sì ti ronú kan irin kan tí èèyàn lè dúró lókè kó fi pa ojú kànga dé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Páǹpù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ rọ́bà gígùn, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, irin kékeré tó wà lópin rọ́bà á sì pa ojú rẹ̀ dé.

"Ṣé ó yé ọ?" Bí kò bá tíì yé ọ, wọ́n á tún un ṣe.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbàwé àṣẹ pé àwọn ló ṣẹ̀dá irin náà, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì tí mo ti ń ṣe ẹnjiníà takò wọ́n. Lọ́yà wa bi mí nílé ẹjọ́ bóyá ọgbọ́n tuntun ni.

Mo ní, "Rárá o. Ohun tó hàn gbangba ni. Ajórin yòówù ló lè rò ó."

Bí a ṣe jáde, bàbá rẹ́rìn-ín sí mi. "Ó mà ti wá yé ọ o."

Ó yé mi lóòótọ́. Odindi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀ fún èmi ẹnjiníà, kó tó yé mi.