Àgbá tí Pius Gbé Bọ̀ Láti Ogun

Omi iyọ̀ ló yí Ugbonla ká. Ẹni tó bá ní àgbá lábẹ́ páánù ilé rẹ̀ ló ní omi mímu. Pius ti mọ èyí kó tó di ṣọ́jà. Nígbà tí ogun Làìbéríà parí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra rédíò bọ̀ wálé, àgbá róbà òfìfo ni òun gbé wọ ọkọ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi í ṣe títí wọ́n fi dé Èkó. Oògùn tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn nínú àgọ́ ló wà nínú rẹ̀ rí. Pius fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́ títí òórùn fi tán. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń kún un.

Kò pẹ́ tó dé ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu. Oríkèé ń ro ó, ara ń yún un, bó sùn mọ́jú, àárẹ̀ ni yóò bá jí. Àjẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú omi. Àwọn ará àdúgbò ní òkú tó pa lógun ló ń bá a jà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rúùtù ìyàwó rẹ̀ ń la ẹja, ọ̀bẹ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Ọwọ́ ló kú, Bàbá Ọlábọ̀dé. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò."

Pius wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wo àgbá.

Ó wọkọ̀ lọ bá dókítà ní Ìgbọ́kọ̀dá, ó rò ó fún un.

"Bàbá, ó lè jẹ́ oògùn ẹ̀fọn yẹn," ni dókítà wí. "Ó lè jẹ́ oògùn ibà tí wọ́n ń fún yín lò lójú ogun, tàbí èéfín ohun tí wọ́n ń sun. Ìpayà ogun náà a máa gbé inú ara. Àyẹ̀wò yín ò fi nǹkan kan hàn. N ò lè búra sí ọ̀kan."

Pius bá pe Àbdùlláhì ní Ìlọrin. Inú àgọ́ kan náà ni wọ́n jọ sùn ní Làìbéríà.

"Ọmọ inú omi! Àgbá rẹ ò tíì jò?"

"Ara rẹ ńkọ́?"

"Ara wo? Oríkèé ń ro mí, ara ń yún mi, àárẹ̀ ò jẹ́ n dìde. Ìyàwó mi ní ọ̀lẹ ni mí."

Àbdùlláhì kò mu omi àgbá yẹn rí. Ọkàn Pius fẹ́ balẹ̀. Ó bi í léèrè ọ̀kan sí i.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ń kú?"

"Tìyẹn? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbá mi létí lánàá!"

Àbdùlláhì ń rẹ́rìn-ín. Pius kò rí i rín. Rúùtù kò lọ sógun rí.

Ó jáde sórí pákó iwájú ilé, ó fẹ́ ti àgbá náà sódò. Ó rántí ẹja inú odò, ó fi í sílẹ̀. Ó gbé pákó dé e, ó sì mú okùn àwọ̀n, ó ń dì í. Kókó náà kò le.

"Kí la ó wá máa mu?" ni Rúùtù bi í.

"A ó lọ bù nínú àgbá Veronica tó wà nílé kejì."

Rúùtù di etí okùn kan mú, Pius di èkejì. Ọwọ́ mẹ́rin ló fà á kó tó le.