Ẹ̀rí Tíṣà Nítorí-Náà

Tíṣà ìṣirò ni, ṣùgbọ́n Nítorí-Náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó bá ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù ni: eléyìí wà, ìyẹn wà, nítorí náà, tọ̀hún gbọ́dọ̀ wà. Àwọn ọmọ iléèwé ní bó bá kanlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, yóò ní, “Bàtà wà níta, nítorí náà, ẹ wà nílé.” Òun náà gbọ́, kò bínú. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀.

Ohun tó gbájú mọ́ láyé rẹ̀ kì í ṣe ìṣirò gan-an. Ó fẹ́ fi hàn pé Ọlọ́run wà, láìfi ìwé mímọ́ kankan tì í lẹ́yìn, láìrọ́ àlá, láìsọ iṣẹ́ ìyanu. Ó ní gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ ló ní ohun tó mú un bẹ̀rẹ̀; bí a bá sì ń tọ ìdí lọ sẹ́yìn láìdúró, a ò ní débì kankan; nítorí náà, Ẹnìkan wà lọ́hùn-ún tí nǹkan kan ò bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jiyàn.

Oníkẹ́míìsì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ni alátakò rẹ̀. Kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi bò. Ó máa ń béèrè pé, ká tiẹ̀ ní ìdí kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ta ló sọ pé ìdí náà ń gbọ́ wa? Ìbéèrè yìí nìkan ló máa ń ha Tíṣà lọ́fun díẹ̀. Wọ́n jiyàn títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

Ìyàwó Tíṣà kì í lọ síbẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Orí ìdúró ló ti máa ń gbàdúrà, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Tíṣà a máa rẹ́rìn-ín. Ó ní àṣà lásán ni ti ìyàwó òun, ti òun ni ìmọ̀.

Ìgbà tó yá, jẹjẹrẹ mú obìnrin náà lọ́mú, ó sì wọ egungun. Àwọn dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń ránṣọ ní ìlú míì, wá jókòó tì í. Wọ́n tẹ́ ibùsùn sí pálọ̀. Ká má purọ́ mọ́ Tíṣà, kò sá. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó ń fi síbí bu omi sí i lẹ́nu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú.

“Tíṣà, mi ò mọ̀ bóyá Ó wà mọ́. Mo ń pè É, bí ẹni ń ké sínú ilé tó ti dahoro ni. Ẹ bá mi gbàdúrà.”

Nínú gbogbo èyí, pé kò mọ̀ bóyá Ó wà mọ́ nìkan ni Tíṣà gbọ́. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ àti sùúrù. Bí ìrora bá mú kí obìnrin náà dijú, yóò dúró; bó bá lajú, yóò máa bá a lọ. Nígbà tó parí, ó bi í pé ibo ló ti kù díẹ̀ káàtó.

“Kò sí,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ ti borí.” Ó kọjú sí ògiri.

Ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Nígbà tí oníkẹ́míìsì wá gún ìyàwó Tíṣà lábẹ́rẹ́ tó ń dín ìrora kù, Tíṣà ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó gbóhùn, ó yọjú. Oníkẹ́míìsì di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ń gba àdúrà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní kékeré. Ó ń gbàgbé, obìnrin náà ń rán an létí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí èyí tí kò rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Tíṣà lọ dúró dè é níta.

“Ẹ ò gbà pé Ọlọ́run wà.”

“Mi ò gbà.”

“Ta wá ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ìyàwó yín ni.”

Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tíṣà ní òun fẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn. Ọmọ rẹ̀ sìn ín lọ, kó má baà ṣubú lọ́nà. Oníkẹ́míìsì kò fẹ́ jiyàn lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ló fẹ́ẹ̀ fipá mú un. Ó wá béèrè ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́, pé ta ló sọ pé Ó ń gbọ́. Tíṣà dìde.

“Ẹ bi í ohun tó ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó mi. Àdúrà ló ń gbà. Nítorí náà, ọkàn rẹ̀ mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sẹ́.”

Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Oníkẹ́míìsì lè sọ pé obìnrin náà ló bẹ òun pé kóun gbàdúrà, àti ìdí tó fi bẹ òun. Kò sọ ọ́. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí Tíṣà fi máa délé, ọmọ rẹ̀, tó ti ṣíwájú rẹ̀ kúrò ní gbọ̀ngàn, ti ń di ẹrù. Ó bi í pé kí lòun ṣe.

“Bàbá mi, ìyá mi ní kẹ́ ẹ bá àwọn gbàdúrà, ẹ bá wọn jiyàn. Wọ́n kú tán, ẹ tún ń fi wọ́n jiyàn.”

Tíṣà ní òótọ́ lòun sáà sọ. Ọmọ náà ní òun mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbé báàgì rẹ̀.

Látìgbà náà, orí fóònù nìkan ló ti ń kí i. Á bi í bó ti lo oògùn, bó ti jẹun, á sì ní kó máa sinmi. Oníkẹ́míìsì kò wá sí gbọ̀ngàn mọ́. Nígbà tí kò sí alátakò, àwọn èrò náà fọ́n ká.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà kúnlẹ̀ nínú yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ aṣọ. Ó ní, “Ìwọ tí nǹkan kan ò bẹ̀rẹ̀ Rẹ.” Ó wá ohun tó kàn, kò rí i. Ó dá a lójú pé Ó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bá A sọ ni kò mọ̀. Nígbà tí orúnkún ń dùn ún, ó di etí tábìlì mú, ó dìde.