Baba Ẹ-jẹ́-n-gbọ́ àti Bọ́ọ̀lù Mẹ́rìndínlógún

Ọjọ́ tí Baba Ẹ-jẹ́-n-gbọ́ dojú bolẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Alálòkù ni gbogbo àdúgbò tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti kúrò ní eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù sínúkà ló lọ rà, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké olóríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá gbá sínú ihò lórí tábìlì aláṣọ àwọ̀ ewé. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní nọ́ńbà lára, ẹyọ kan tó kù funfun báláú. Àlòkù ni gbogbo wọn. Alálòkù ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lòun máa gbà. Baba tú dígí ìyàwó rẹ̀ tó gbé wá láti ilé jáde nínú ìwé ìròyìn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó wá ń yí bọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan lórí dígí náà, kó lè fojú ara rẹ̀ rí èyí tó ń mì lọ́nà.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ débi pé obìnrin kan tó ń kọjá lọ rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lẹ́nu ọ̀nà, ló bá figbe ta pé bàbá kan ti dákú. Èrò wọ́ dé. Ẹnì kan ń fi páálí fẹ́ ẹ, ẹlòmíì ń tú bẹ́líìtì rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù. Baba kò gbórí sókè. Ìka kan ló nà sí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi ilẹ̀," ló wí. "Nọ́ńbà méje ṣì ń bọ̀."

Dígí ti ojú ni. Etí ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó máa mú bọ́ọ̀lù méjì, á gbé wọn súnmọ́ etí ọ̀tún, á ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́," gbogbo ilé á dákẹ́, á wá gbá wọn mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀kan, kò! Á dijú bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Bọ́ọ̀lù tó dáa, ó ní ohùn rẹ̀ máa ń mọ́ gaara. Èyí tó bá ti sán nínú, ó ní ńṣe ló máa ń dáhùn bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Ó tún ní òrùka irin kan tó máa ń ki wọn bọ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá gba inú òrùka náà kọjá láìfarakàn án, ó ti rù nìyẹn. "Nọ́ńbà mẹ́rin ti rù," á sọ fún Alálòkù, tàánútàánú. "Ṣé ẹ ò fún un lóúnjẹ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò lè ra tuntun, kí dígí òun lè máa sinmi lára ògiri.

"Tuntun kò tíì jẹ́wọ́," Baba dáhùn. "Àlòkù ti sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Èwo lo máa gbẹ́kẹ̀ lé?"

"Ṣebí tuntun lẹ fẹ́ èmi, Bàbá wọn."

Baba wò ó títí. "Ìyẹn ni mo fi ń ṣọ́ra láti ìgbà náà."

Oṣù mọ́kànlá rèé tí Baba jẹun ọ̀sán tán, tó ní kóun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, tí kò sì jí mọ́. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá ìránṣọ rẹ̀ àti yàrá sínúkà tí Baba fi ń pawó. Òun ló wá jogún tábìlì méjì, ọ̀pá mẹ́jọ, àti bọ́ọ̀lù tó ti ń gbó. Kò gbá sínúkà rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ó máa ń lọ ṣílẹ̀kùn náà fún àwọn ọlọ́pàá, ìyẹn àwọn tó ń mú ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, torí pé bí kò bá ti gbúròó kò-kò-kò láti ẹ̀yìn ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó máa jókòó síbẹ̀, òwú lọ́wọ́, á máa wo ògiri. "Olúwa, mi ò ṣàròyé o," á wí. "Mo kàn ń fi tó Yín létí ni."

Ní ọjọ́ Ajé ni Onígbàjámọ̀, tó ń gé irun ní òdìkejì títì, tó sì jẹ́ olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ.

"Màámi, ẹ má bínú sí mi. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ti ní igun."

"Igun báwo?"

"Ó ti gé lára. Ṣé ẹ ti gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ní igun rí? Bí a bá gbá a lọ sápá ọ̀tún, á ní òsì lòun ń lọ."

"Ẹ̀yin náà lẹ gbá a títí tó fi ní igun."

"Ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀, Màámi. Wọ́n ti ṣí ilé sínúkà tuntun nísàlẹ̀ títì. Bí tiwa ò bá dáa kó tó di Sátidé, àwọn èèyàn wa máa lọ. Èmi ò fẹ́ lọ o. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ò lè máa bá ara mi gbá a."

Nígbà tó fi máa di alẹ́, ọmọbìnrin àkọ́bí aránṣọ náà ti gbọ́, ó sì ti pè é lórí fóònù.

"Màámi, ẹ ti ilé sínúkà yẹn. Ẹ ta tábìlì yẹn, kẹ́ ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Kí lẹ mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?"

"Mo máa lọ ra òmíì lọ́dọ̀ Alálòkù."

"Ó máa rẹ́ yín jẹ ni!"

"Bí mo bá ra ìràkurà, màá ti ilé, màá sì bá ẹ lọ, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ra gidi, o ò gbọdọ̀ ní kí n tì í mọ́. Ṣé o gbà?"

"Màámi..."

"Ṣé o gbà àbí o ò gbà?"

"Mo gbà."

"Ọlọ́run gbọ́ ọ o."

Ó pa fóònù, ó wá jókòó. Òótọ́ lọmọ náà sọ. Kí ló mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?

Ọjọ́bọ̀ ló lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, torí ó fẹ́ kí ọ̀nà náà jìn. Bó ti ń lọ ló ń rántí, bó ti ń rántí ló ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn tó ń bọ̀ lókèèrè sì ń kí i bí ẹni pé àwọn ló ń rẹ́rìn-ín sí.

Ó rántí ọjọ́ ìsinmi kan tí àlùfáà ní kí ìjọ gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́. Ilé Ọlọ́run pa lọ́lọ́. Kò! Ó ṣe díẹ̀. Kò! Àlùfáà la ojú kan, ó ní ta ló ń kan ilẹ̀kùn. Baba dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò. "Ẹ má bínú, sà. Nọ́ńbà mẹ́ta àti nọ́ńbà mọ́kànlá ni. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́." Ìyàwó rẹ̀ fi ìwé orin bojú, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ilẹ̀ jọ̀ọ́ lanu. Ilẹ̀ kò lanu. Àlùfáà ló lanu, ó ní, "Èwo ni?"

Ó sì rántí ẹ̀ẹ̀kan péré tí ọjà tan Baba jẹ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn, òjò sì ń lu páànù débi tí etí kò ráyè iṣẹ́. Baba ra bọ́ọ̀lù tó ń dán, ó rà á pọ́ọ́kú, ó fi ń yangàn dé ilé. Wọ́n tò ó sórí tábìlì, wọ́n gbá funfun, funfun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Baba ní tábìlì ló dagun. Ó fi páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan. Ó tún fi sábẹ́ èkejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tábìlì ti wá dagun lóòótọ́, gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló fì sápá kan, ṣùgbọ́n Baba kò gbà pé òun ṣìnà. Àfìgbà tó gbé bọ́ọ̀lù funfun náà ka orí tábìlì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, tí òòfà tí obìnrin náà fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ fò, tó lẹ̀ mọ́ ọn pátì. Irin ló wà níkùn bọ́ọ̀lù! Irú tí wọ́n ń lò fún tábìlì tó ń gba owó onírin ni, kí òòfà inú tábìlì lè máa yọ funfun sọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù.

Ìyàwó rẹ̀ kàn wò ó. Baba wo bọ́ọ̀lù, ó wo òòfà, ó họ orí. "Màmá wọn," ló wí, "ìwọ ni mo rà á fún."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Alálòkù dìde kúrò láàárín àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti fáànù tí kò lápá. Irun rẹ̀ ti funfun sí i.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìrọ́jú."

"A dúpẹ́. Bọ́ọ̀lù ni mo wá rà."

Ọkùnrin náà wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé páálí méjì jáde, ó pe iye wọn. Àkọ́kọ́ ń dán bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde: ogún ẹgbẹ̀rún. Èkejì ti ṣá, eruku bò ó: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún.

Obìnrin náà mú méjì nínú èyí tó ń dán, ó gbé wọn sétí bó ṣe máa ń rí i tí Baba ń ṣe. Kò! Ó gbọ́ kò. Ó mú méjì nínú èyí tó ṣá. Kò! Kò náà ni. Òógùn bo imú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi bá etí yẹn gbélé, Baba kò sì fi í lé e lọ́wọ́.

"Olúwa," ó wí nínú ọkàn rẹ̀, "ẹ mọ̀ pé kì í ṣe etí lẹ fún mi."

Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó dijú, ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ń ṣe látìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́: ó fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ara bọ́ọ̀lù tó ń dán náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọ ojú ìránṣọ wò. Ó lọ, ó lọ, ó kọ́. Ó tún lọ, ó tún kọ́, bí ìgbà tí òwú bá fo ojú kan. Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nù ún dáadáa. Ọ̀rá àbẹ́là jáde wá, lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà ti sán tínrín tínrín, bí irun orí. Ó mú èyí tó ṣá. Èékánná rẹ̀ rìn yí i ká, kò kọ́ níbì kankan. Báyìí ló ṣe tọ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó ṣá ni mo fẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjìlá kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Ó fúyẹ́, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju tàwọn yòókù. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi."

Alálòkù fa garawa kan jáde tó kún fún bọ́ọ̀lù tí kò ní ẹlẹgbẹ́. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n wá nọ́ńbà méjìlá gidi rí nísàlẹ̀ pátápátá.

"Bàbá ló kọ́ yín?"

"Wọn ò kọ́ mi ní nǹkan kan. Aránṣọ ni mí."

Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún kalẹ̀. Alálòkù wo owó náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Màámi, kí lèyí?"

"Owó yín ni. Ṣebí iye tẹ́ ẹ pè nìyẹn."

"Mo pè é ni! Ta ló ní kẹ́ ẹ san án?" Ó na ìka sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. "Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá fi bá mi jà níbí. Wọ́n pè mí lólè. Wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn mi ti rù, wọ́n ní ó lè gba inú òrùka kọjá. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí lólè mọ́. Àwọn oníbàárà á dé, wọ́n á wo fóònù, wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ. Ṣé ọjà nìyẹn?"

Obìnrin náà wò ó. Ó rọra kó owó náà padà sínú àpò. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Olè," ló wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà."

"Mẹ́fà! Ẹ̀yin ẹni Ọlọ́run! Ẹ fẹ́ kí ọmọ mi máa jẹ garawa?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àbẹ́là kun bọ́ọ̀lù fún opó, ẹ tún ń dárúkọ Ọlọ́run!"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a, Màámi, mo fi Bíbélì búra!"

"Ẹ má búra nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ò le."

Oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dé ara ògiri. Wọ́n dé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, wọ́n bínú. Wọ́n dé mẹ́wàá, Alálòkù ra omi tútù fún un. Wọ́n dé méjìlá, ó gbà. Ó wá dì wọ́n sínú àpò fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àkísà sáàárín wọn, kò kánjú rárá. Ó sìn ín dé ìta.

"Ìgbà wo nirú eléyìí tó gbó, Màámi?"

"Bí wọ́n bá fara balẹ̀ gbá a, ọdún mẹ́wàá."

"Ọdún mẹ́wàá." Ọkùnrin náà mi orí. "Mo mà gọ̀ o. Ó yẹ kí n ti ki ẹyọ kan tó sán bọ àárín wọn, kẹ́ ẹ lè wá bá mi jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá a lọ títí ó fi kọjá ilé kẹrin, kó tó yí padà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí omijé náà lè ráyè kọjá, kò lé e, kò sì pè é. Nígbà tó kọjá, ó ní, "Olúwa, ẹ ṣé." Àpò náà wúwo. Ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tó sùn, ó sì rìn jẹ́jẹ́ lọ sílé, kí wọ́n má baà máa kọlu ara wọn lọ́nà.